Gé Ọ̀rọ̀ Bàbá, Má Gé Ẹ̀kọ́ Wọn

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Morẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Dẹ́rẹ́bà tí o fi rán gbé e wá dé ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ó ní o kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní gáréèjì. O ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú lẹ́tà náà kò gbọ́n tó ẹni tó kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò. N kò ní kí ọ pẹ́. A wà láàyè, bàbá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ní oúnjẹ yóò tán láyé lọ́la. Kíkí tó.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí á lè mọ̀ bóyá ó yé mi. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì fídíò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé gíráámà ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní Ìlọrin. Ìwọ ni yóò máa gé àwòrán, tí yóò máa so ó pọ̀ kó tó di ohun tí èèyàn ń rà lọ sílé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ ni ẹ̀kọ́ ìṣirò tí Bàbá Adéoyè kọ́, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ju òkò sọ́jà níbẹ̀, orí ọmọ ilé ìwé wọn ni yóò bà. Bàbá sọ̀rọ̀ títí kásẹ́ẹ̀tì kan fi tán, wọ́n tún ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ọ̀gá rẹ ní ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ ju ìdajì wákàtí lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ òun lọ́wọ́ kí oṣù yìí tó parí. Bàbá ní ẹni tó bá gé ọ̀rọ̀ àwọn, bí ẹni tó fi ọwọ́ dí àwọn lẹ́nu ló rí. Ìwọ wá jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, o kò gé ohunkóhun. Ọ̀gá ti sọ pé bí oṣù bá parí tí kásẹ́ẹ̀tì kò sí nílẹ̀, òun yóò wá ẹlòmíràn. O wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kí n kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó lé mi?"

Rárá.

Bàbá rẹ ka lẹ́tà rẹ, wọ́n wọ bàtà. Wọ́n ní àwọn mọ ẹnì kan tó mọ ọ̀gá rẹ, pé àwọn fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ láago ní ṣọ́ọ̀bù onítẹlifóònù tó wà ní Agbowó.

Mo ní, "Bàbá Nikẹ́, ẹ jókòó."

"Ọmọ wa ni o, Ìyá Nikẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí i. Ẹ̀bẹ̀ kì í gé fídíò. Ẹ bọ́ bàtà."

Wọ́n bọ́ ọ. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá bá ọ bẹ ọ̀gá. Ohun tí o ní ni lẹ́tà yìí, ó sì tó ọ.

O rántí àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó kún abẹ́ ibùsùn mi nígbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́ gíga? O máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, o ní ìyá rẹ ti di eléré orí tẹlifíṣọ̀n. O kò bi mí léèrè bí wọ́n ṣe débẹ̀. Wàá gbọ́ ọ lónìí.

Ilé ìkọ́ṣẹ́ búrẹ́dì àti kéèkì tí mo dá sílẹ̀ ní Ring Road kún nígbà náà débi pé àwọn obìnrin ń dúró lójú fèrèsé kọ́ṣẹ́. Àwọn mìíràn kò lè wá rárá: olówò ni wọ́n, abiyamọ ni wọ́n, ọkọ̀ kò sì rọrùn. Èmi tí mo kàwé nípa okòwò, tí mo mọ̀ pé ẹni tí kò lè wá sí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù ni yóò lọ bá a, mo ní ká fi ẹ̀kọ́ náà sínú fídíò. Mo rò ó lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó fi di Mọ́ńdè mo ti rí olùkọ́, mo ti rí onífídíò. Olùkọ́ ni Bàbá Fálànà, ará Iléṣà, tó ní ilé búrẹ́dì ní ìtòsí Challenge. Onífídíò ni Múfú ti Mọ́kọ́lá, ẹni tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó. Mo mọ búrẹ́dì, mo mọ ọjà títà. N kò mọ fídíò. Ohun tí ó tì mí síbi tí mo ti kọ́ ọ nìyí.

Àkọ́kọ́. Kíkí kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì wa ìṣáájú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ilé ìkọ́ṣẹ́ wa ló gbà á, wọ́n sì gbà á débi tí wọ́n fi gbàdúrà fún páànù búrẹ́dì níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, èmi kí alága tí a yàn fún ọjọ́ náà. Alága kí mi. Alága kí Bàbá Fálànà. Bàbá Fálànà kí alága, wọ́n kí mi, wọ́n kí gbogbo ẹni tó wà níjókòó, wọ́n wá kọjú sí kámẹ́rà, wọ́n kí àwọn tó ń wò wá nílé, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè dáhùn. Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, Múfú ń ṣe é bí ó ṣe ń ṣe níbi ìgbéyàwó: kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà Bàbá, ó ń gùn wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé góńgó fìlà.

Múfú fúnra rẹ̀ bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kí n gé ibi kíkí yìí díẹ̀ kúrò?"

Mo ní, "Gé kí ni? Ìkíni àgbà? Múfú, ṣé wọn ò tọ́ ẹ nílé ni?"

Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A kó kásẹ́ẹ̀tì lọ sí Dùgbẹ̀, wọ́n rà á. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Bísí, oníbàárà wa kan tó ń gbé ní Agbowó, yà sílé ìkọ́ṣẹ́. Ó jókòó, ó tú gèlè.

"Ìyá Nikẹ́, mo dúpẹ́ o. Ẹ mọ èèyàn kí. Kí ẹ tó kí wa tán, mo ti rán Bísí lọ ra búrẹ́dì, a ti jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ti sùn. Àárọ̀ ni mo tó rí fúláwà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ló sọ. Ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, àlejò wa ni, ebi ìmọ̀ ló sì ń pa á. Bí o bá fi kíkí pa àlejò tí ebi ń pa, ọ̀wọ̀ wo lo bù fún un? Ní ìta gbangba, a máa ń kí èèyàn pẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé a ka wọ́n sí. Nínú kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí o fi ń ka èèyàn sí ni pé o kò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n.

Nítorí náà, jẹ́ kí Bàbá Adéoyè sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi," kó o sì gé e bọ́ sórí pátákó. O ní wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé nígbà ọmọdé wọn, tí wọ́n ń gba inú omi kọjá. Ìtàn náà dùn, mo gbà. Àmọ́ láàárín ìṣirò, bí ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ló rí. Kò sẹ́ni tó bínú sí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ìwàásù mọ́.

Ìkejì. Ibi tí o bá ti gé, kí ó ní ìdí.

Múfú ní ẹ̀rọ kan tó máa ń fi yangàn. Ẹ̀rọ yìí lè mú kí àwòrán kan fọ́ wẹ́wẹ́ kó di òdòdó, kó di ìràwọ̀, kó yí bìrí bí òòyì, kí òmíràn tó jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá a jókòó, Bàbá Fálànà da fúláwà sínú ọpọ́n, ọkàn pupa ńlá kan là lójú tẹlifíṣọ̀n, inú ọkàn yẹn ni omi ti jáde.

"Múfú, ta ló ń gbéyàwó níbí?"

"Mọ́mì, ó máa ń dùn mọ́ àwọn oníbàárà ni."

"Fúláwà àti omi ń fẹ́ra wọn, àbí?"

"Wọ́n ṣáà ń para pọ̀, Mà."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì ní kó yọ gbogbo wọn. Ọkàn pupa yẹn ni àwọn tó bá wò ó yóò rántí, wọn kò ní rántí ìwọ̀n omi. Ohun tí mo wá kọ́ nìyí, fi sọ́kàn: ẹni tó ń wo ẹ̀kọ́ máa ń béèrè ìbéèrè nínú ọkàn rẹ̀ láìlanu. "Kí ló wà lọ́wọ́ wọn yẹn?" Gé e, fi ọwọ́ hàn án. "Ṣé wọ́n ń ṣe é nípá ni àbí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́?" Fi apá hàn án. "Ṣé òótọ́ ni?" Fi ojú olùkọ́ hàn án. Bí kò bá béèrè nǹkan kan, fi àwòrán sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwòrán tó ń fò káàkiri bí eṣinṣin kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

Ìkẹta ni ó dùn mí jù nígbà náà, òun náà ni ó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù báyìí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Bísí, mo wọ yàrá Múfú lọ bí ẹni tó fẹ́ ṣán oko. Mo fi àga ti tirẹ̀. O mọ̀ mí: n kì í lè dúró de omi kó hó. Ohunkóhun tó bá ti dà bí ìjáfara, mo ní, "Gé e!" Àdúrà, gé e. Alága, gé e. Bàbá po fúláwà tán, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n jókòó, wọ́n yán, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó sinmi kó lè wú." Mo ní, "Kí ni wọ́n ń dúró dè? Gé e!"

Múfú ní, "Àní ibi ìsinmi yẹn náà, Mọ́mì?"

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ sinmi ni? Gé e!"

Bí kásẹ́ẹ̀tì kejì ṣe jáde nìyẹn: Bàbá bò ó, Bàbá ṣí i, ó ti wú gbẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó wọ páànù, ó wọ ààrò, ó jáde, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ó yá bí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Mo gbé e káàkiri bí ọmọ tuntun. Mo ní kò sí kásẹ́ẹ̀tì tó mọ́ báyìí ní gbogbo Ìbàdàn.

Kò pẹ́ tí búrẹ́dì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn tó rà á ló ń gbé ohun tí wọ́n sè wá. Ìyá Bísí ló kọ́kọ́ dé. Kò kí mi. Ó tú láílọ́ọ̀nù, ó gbé nǹkan kan lé orí tábìlì mi: gbì! Bírò mi yí ṣubú.

"Ẹ gbé e wò, Ìyá Nikẹ́."

Mo gbé e. "Kí lẹ ṣe sí i?"

"Ohun tí ẹ ní ká ṣe. Mo pò ó, mo bò ó, mo ṣí i."

"Ẹ bò ó fún ìgbà wo?"

"Bí Bàbá ṣe bò ó nínú fídíò ni. Wọ́n bò ó, wọ́n ṣí i. Èmi náà bò ó, mo ṣí i. Tiyín wú. Tèmi ń wò mí."

Morẹ́nikẹ́, obìnrin yìí da aṣọ bo fúláwà, ó sì ká a kúrò lójú ẹsẹ̀! Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ohun tí mo fi hàn án ló ṣe. Ẹni tó dé tẹ̀lé e kò tilẹ̀ gbà pé fúláwà kan náà ni. Ó ní, "Ìyá Nikẹ́, ẹ sọ òótọ́. Òmíràn wà lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀yin ọlọ́gàá, ẹ kì í fi gbogbo iṣẹ́ han ọmọ ẹ̀kọ́." Ohun tí wọ́n ń sọ kiri àdúgbò nìyẹn: pé mo gba owó ẹ̀kọ́, mo fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́. Èmi tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n ṣe!

Bàbá Fálànà bá wa níbẹ̀. Wọ́n mú búrẹ́dì Ìyá Bísí, wọ́n fi í kan ògiri, kọ́, kọ́, kọ́. Wọ́n ní, "Ẹ má sọ ọ́ nù o. Mo ní bíríkìlà kan tó ń wá irú rẹ̀." Bí Ìyá Bísí ti fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbé e. Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

N kò ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Mo ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n so aṣọ ìdáná. Lójú ẹsẹ̀ ni a tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Múfú sì tan kámẹ́rà. Bàbá bo fúláwà, a wá jókòó ní tòótọ́. A dúró. O kò rí irú ìdúró yẹn rí! Ẹnì kan ń sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbìyànjú láti gé búrẹ́dì tirẹ̀ tí ọ̀bẹ tẹ̀. Òmíràn ní ajá àwọn gbóòórùn tirẹ̀, ó kí i, ó kọjá. Àárín ẹ̀rín yẹn ni Ìyá Bísí ti béèrè pé, "Bàbá, báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti wú tó?" Bàbá fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Bí ojú ìka bá padà díẹ̀díẹ̀, ó ti tó. Bí ó bá fò padà kíá, ẹ ṣe sùúrù." Kò sẹ́ni nínú wa tó ronú láti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wá dára jù nínú kásẹ́ẹ̀tì kẹta.

Nítorí náà, gé ìdúró, ṣùgbọ́n má gé ìmọ̀ pé a dúró. Bí o bá fẹ́ fo wákàtí kan, fi aago ara ògiri hàn wọ́n, jẹ́ kí olùkọ́ sọ ọ́ lẹ́nu, kí o tó fò ó. Ìgbà tí Bàbá Adéoyè bá ń nu pátákó, gé e. Ìgbà tí wọ́n bá ń wá ṣọ́ọ̀kì nínú àpò, gé e. Ṣùgbọ́n ìlà iṣẹ́ kan sí ìkejì, má fo ẹyọ kan. Ohun tó hàn sí ọ gbangba, òkùnkùn ni sí ọmọ tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá sì béèrè pé, "Kí ni a ó ṣe níbí?", tí wọ́n dákẹ́, jọ̀ọ́, fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn sílẹ̀. Ọmọ tó wà nílé ni wọ́n dákẹ́ fún. Àǹfààní tirẹ̀ láti ronú nìyẹn, má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

O kọ ọ́ pé Bàbá ṣì nọ́ńbà kan kọ, wọ́n rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pa á rẹ́, pé o fẹ́ gé ìyẹn kúrò kí ojú má bàa tì wọ́n. Má gé e! Ọmọ tó bá rí i pé olùkọ́ àgbà ṣì í tí wọ́n sì tún un ṣe, ẹ̀rù ìṣirò yóò dín kù lára rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ Bàbá ná, àmọ́ rọ̀ wọ́n dáadáa.

N kò ka nọ́ńbà mọ́, gba ìyókù bí ó ṣe ń bọ̀.

Gbọ́ gbólóhùn tán kí o tó gé e. Bàbá Fálànà sọ nígbà kan pé, "Bí ẹ bá fẹ́ kó bàjẹ́, ẹ da yíìsì sínú omi tó ń hó." Yíìsì ni ohun tó ń mú búrẹ́dì wú, omi tó ń hó a sì máa pa á. Ikọ́ ti mú Bàbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, Múfú gé ikọ́, ó gé "bí ẹ bá fẹ́ kó bàjẹ́" mọ́ ọn. Ohun tó kù ni Bàbá Fálànà tó kọjú sí gbogbo Ìbàdàn, tí wọ́n ń pàṣẹ pé kí á da yíìsì sínú omi tó ń hó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wò ó kó tó jáde. Má ṣe jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì kan kúrò lọ́wọ́ rẹ láìjẹ́ pé o wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni tó rà á.

Má bẹ̀rù gígé. Kì í ṣe aṣọ tí télọ̀ gé tí kò ṣe é mú padà bọ̀ sípò. Ẹ̀dà lò ń ṣe láti inú ẹ̀rọ kan sí èkejì. Ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì Bàbá wà níbẹ̀ digbí, ọ̀rọ̀ wọn kò sọnù. Bí o bá gé e tí kò dára, tún un gé. Bàbá rẹ lo jọ: ẹ̀yin a máa fi ojú wọn nǹkan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìfarabalẹ̀ dára, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí a kò gé kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ó wá ku Bàbá Adéoyè fúnra wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà ọ́, mo mọ̀.

Nígbà tí a fẹ́ gé kásẹ́ẹ̀tì kẹta, Bàbá Fálànà gbà pé kí á gé ohun gbogbo, àfi ìtàn ara wọn. Ìtàn yìí gùn, Nikẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Iléṣà kí á tó bí wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Nikẹ́, ẹ gé búrẹ́dì bó ṣe wù yín. Ẹ má fọwọ́ kan ìtàn mi." N kò bá wọn jiyàn. A kì í bá àgbà jiyàn ká jàre. Mo ní kí wọ́n wá bá wa jẹ ìrẹsì ní Bódìjà lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn àti ìyàwó wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo ki kásẹ́ẹ̀tì ìṣáájú bọ ẹ̀rọ, èyí tí a kò gé rárá. Mo jókòó, mo pa ẹnu mọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, o mọ ohun tí ìyẹn gbà lára mi.

Inú Bàbá dùn. Wọ́n ń na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, "Èmi rèé, èmi rèé!" Nígbà tí ìtàn dé ìdajì, ìyàwó wọn dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi fọ abọ́. Bàbá rẹ gbé ìwé ìròyìn. Bàbá Fálànà pàápàá, orí wọn ń lọ, ó ń bọ̀, ó wá gúnlẹ̀ sí àyà. Wọ́n ń hanrun, bẹ́ẹ̀ ni ti ojú tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ìyàwó wọn yọjú láti ilé ìdáná: "Bàbá, ẹ jí! Ẹ ń bá wa sọ̀rọ̀!"

Bàbá ta gìrì. Wọ́n wo ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, "Ta ni bàbá tí kì í dákẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Wọ́n wò ó síwájú díẹ̀. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di ọwọ́ àga mú. "Ẹ gé e," ni wọ́n wí. "Ẹ gé e, kó tó pa èèyàn." Lẹ́yìn náà ohùn wọn rọ̀. "Àmọ́ Ìyá Nikẹ́, orúkọ ìyá mi, ẹ bá mi fi í sílẹ̀. Àwọn ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀."

A fi í sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Títí di òní, bí mo bá pàdé ẹni tó ra kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ó máa ń béèrè ìyá Bàbá lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, má mú Bàbá Adéoyè wá sí ọ́fíìsì, má sì mú ọ̀gá rẹ lọ bá wọn. Gbé ẹ̀rọ fídíò lọ sí ilé wọn. Kúnlẹ̀ dáadáa, kí wọn bí ó ṣe yẹ, kí ìyàwó wọn náà. Fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n láìgé, kí o sì dákẹ́. Bí wọ́n bá ti wò ó tẹ́ wọn lọ́rùn, bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ni ẹ kò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn?" Ohun tí wọ́n bá dárúkọ, bí ó bá jẹ́ gbólóhùn kan, bí ó bá jẹ́ méjì, fi í sílẹ̀, kódà bí ọ̀gá rẹ bá kùn. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ní kó ṣì máa kùn.

Bí wọn kò bá sùn ńkọ́? Bí wọ́n bá wò ó dópin tí wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ sí ohun tí a gé? Sọ òótọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Sọ fún wọn pé ọmọ kan wà ní abúlé kan tí kò ní olùkọ́ ìṣirò, tí iná kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó lọ, tó jẹ́ pé ní ilé aládùúgbò rẹ̀ ló ti ń wo fídíò. Kò ní ju ìdajì wákàtí lọ tí wọn yóò fi sọ pé kó dìde, àwọn fẹ́ wo nǹkan mìíràn. Béèrè lọ́wọ́ Bàbá ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìdajì wákàtí yẹn kọ́ ọmọ náà. Mo mọ olùkọ́, Morẹ́nikẹ́. Wọ́n lè kọ̀ fún ọ̀gá rẹ, wọ́n lè kọ̀ fún ìwọ. Olùkọ́ kì í kọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni yóò máa nàka sí ibi tí wàá gé.

Ọmọ yẹn kò ní mọ orúkọ rẹ o. Kò ní mọ̀ pé ẹnì kan jókòó sí Ìlọrin, tó gé, tó so. Ohun tó máa mọ̀ ni pé Bàbá kan kọ́ òun, ó sì yé òun. Bí iṣẹ́ rẹ bá dára, bí ẹni pé o kò ṣe nǹkan kan ni yóò rí. Gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo bí ọ yóò máa mọ̀, n ó sì máa fi yangàn ní gbogbo Bódìjà.

Dẹ́rẹ́bà rẹ ti ń fọn fèrè níta, ó ní òun fẹ́ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé àwọn fẹ́ràn rẹ. Èmi náà bẹ́ẹ̀, ju bí n ó ṣe kọ ọ́ síwèé lọ.

O ti kà á tán. Kí lo tún jókòó ṣe? Dìde, Àbẹ̀kẹ́. Gbé ẹ̀rọ fídíò. Bàbá wà nílé.

Ìyá rẹ tí kò lè dúró.